Àwo Inú Ògiri

Nígbà tí mo ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tó ń ta àwo tánńganran ní Ọjà'ba, oòrùn la fi ń yẹ ọjà wò. Ìwé kejì ni mo kà dé. Òun kò kàwé rárá, kò mọ ohun tí òyìnbó kọ sí òntẹ̀ ìdí àwo. Àmọ́ tó bá gbé àwo sókè láàárọ̀, tó fi ìka sẹ́yìn rẹ̀, màá rí òjìji ìka náà láti iwájú, bí ẹja tó ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́ nínú omi. Èyí tí òjìji bá hàn lára rẹ̀, ojúlówó ni. Lẹ́yìn náà ni yóò fi èékánná gbá etí rẹ̀. Tó bá dún, tí ohùn náà pẹ́ kó tó lọ, ara àwo le. Tó bá dún kó, tó dákẹ́, ó ti sán níbi tí ojú ò tó.

Àwọn àwo yìí kì í ṣe ti oúnjẹ. Wíwò ni wọ́n ń wò wọ́n. Tí ọjà bá dá, mo máa ń jókòó tì wọ́n, kí n máa wo òdòdó, afárá kékeré àti igi tí n ò rí irú rẹ̀ rí, títí ariwo ọjà yóò fi jìnnà sí mi.

Lọ́jọ́ kan nígbà ọyẹ́, mo lè tó ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún nígbà náà, ẹ̀gbọ́n ìyá mi lọ kírun Àsárì, ó fi ìsọ̀ sílẹ̀ fún mi. Obìnrin opó kan wá láti Bẹyẹrúnkà, ó fi ìborùn di àwo kan. Ẹyẹ méjì aláwọ̀ aró ló dojú kọra lójú àwo náà, wúrà tín-ín-rín sì yí etí rẹ̀ ká. Ó ní ìyá ọkọ òun ló fi í sílẹ̀ fún òun. Ọmọ òun ń lọ sílé ọkọ ní Ọ̀rányàn ní Jímọ́ọ̀ tó ń bọ̀, kò sì sí nǹkan mìíràn tí òun lè tà fi ra ẹrù ìyàwó.

Mo gbá a. Ó dún kó.

"Ẹ má bínú o, ìyá. Àwo yín ti sán."

Mo sọ ọ́ sókè, kí àwọn aláwo tó kù lè mọ̀ pé mo gbọ́n. Wọ́n sì gbọ́. Ìsọ̀ mẹ́rin lobìnrin náà dé, kò sẹ́ni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ wò. Ó tún un dì, ó wọ inú kùrukùru lọ.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n ìyá mi dé, mo ròyìn, inú mi ń dùn. Ó béèrè ohun tí mo rí lẹ́yìn àwo. Mo ní amọ̀ gbígbẹ ló kún ìdí rẹ̀. Ó wá ṣàlàyé pé àwọn àgbà kan máa ń tẹ àwo mọ́ ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà tí amọ̀ ṣì tutù, kó lè máa dán níbẹ̀.

"Tí mo bá fi amọ̀ dí ìwọ náà lẹ́nu, ṣé wàá kọrin?"

Ó ní ẹnu tó bà á jẹ́ ni yóò tún un ṣe.

Ilẹ̀ mọ́, mo mú kànrìnkàn, mo wá ilé obìnrin náà lọ sí Bẹyẹrúnkà. Ihò roboto wà lára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn, bí òṣùpá ọ̀sán. Ọmọbìnrin náà jókòó sábẹ́ rẹ̀, kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Mo kúnlẹ̀.

"Ṣé o tún wá sọ pé ògiri wa náà ti sán ni?" ni ìyá rẹ̀ wí.

Mo bẹ̀ ẹ́ títí ó fi gbé àwo náà jáde. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni mo fi rẹ ìdí rẹ̀, n ò fi yanrìn kàn án nítorí wúrà etí rẹ̀. Amọ̀ náà ń yọ́ bí ẹ̀kọ gbígbóná. Mo nù ún, mo gbá a. Ohùn náà lọ jìnnà nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, ọmọbìnrin náà sì gbé orí sókè.

A jọ padà sí Ọjà'ba. Ìsọ̀ kan sí èkejì, mo ń kúnlẹ̀, mo ń gbá àwo, mo ń sọ pé, "Kò sán o. Èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n wò."

Ìyá kan ní, "Gbá orí tìẹ náà, ká gbọ́."

Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín dé ìsọ̀ karùn-ún, níbẹ̀ ni wọ́n ti rà á ní iye tó tẹ́ obìnrin náà lọ́rùn. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ò dá owó lé e rárá. Ó ní ọjà tí ilé ẹni bá ti bà lórúkọ jẹ́, èèyàn kì í jèrè lórí rẹ̀.

Ní Jímọ́ọ̀, wọ́n gbé ẹrù ìyàwó náà gba iwájú wa kọjá: àpótí tuntun, ẹní, abọ́ páànù tí wọ́n tò léra. Obìnrin opó náà wò mí. Kò rẹ́rìn-ín, kò sì fajú ro. Ó na ọwọ́ tún àpótí tó wà lórí ẹni iwájú rẹ̀ ṣe, wọ́n sì ń bá ọ̀nà Ọ̀rányàn lọ.