Ohun tí Nọ́ọ̀sì Jayéọlá Kọ́ Adéníyì

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 1983 tí wọ́n gbé e lọ sílé ẹjọ́, Adéníyì Èṣùbíyì ti lo ọdún mẹ́jọ ní àtìmọ́lé ní Benin láìsí ìdájọ́. Wọ́n ní ó dáná sun ṣọ́ọ̀bù kan ní Siluko Road nígbà tí orí rẹ̀ dàrú. Ó ní òun kọ́.

Nọ́ọ̀sì Olúbùnmi Jayéọlá ló tọ́jú rẹ̀ ní ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ. Nígbà tí oògùn mú un balẹ̀, obìnrin náà fi oṣù mẹ́fà kọ́ ọ ní ohun tí ẹ̀sùn jẹ́ àti iṣẹ́ adájọ́, kí ó lè dáhùn nílé ẹjọ́.

"Mà, bí mo bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ ńkọ́?"

"Àgbà ni adájọ́, Adéníyì. Má bá a jiyàn. O ò kúkú ya aláìlẹ́kọ̀ọ́."

Nílé ẹjọ́, ògbufọ̀ bi í bóyá ó jẹ̀bi. Adéníyì dọ̀bálẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Nọ́ọ̀sì tó jókòó níbẹ̀ mọ̀ pé kò fẹ́ bá àgbà jiyàn ló ṣe gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò dìde. Wọ́n rán ọkùnrin náà lẹ́wọ̀n ọdún méje. Ọdún kẹta ló kú síbẹ̀. Títí tí obìnrin náà fi fẹ̀yìn tì, ó ń sọ pé òun ìbá ti sọ̀rọ̀. Àbámọ̀ náà kò wúlò fún ẹnikẹ́ni.

Bí wọ́n bá fi irú Adéníyì lé ọ lọ́wọ́, kọ́kọ́ kọ́ ọ bí a ṣe ń sọ fún àgbà pé rárá.