Agboòrùn Ìyá Ìjọ

Mo kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí n já bọ́ lórí àpáta. Bí mo bá ti rí agboòrùn dúdú, Ìyá Ìjọ wa ni mo máa ń rántí.

Lọ́jọ́ Ajé Àjíǹde, tí a ń pè ní Gálílì, àwọn ni wọ́n máa ń ṣáájú àwa ọmọ ìjọ gun àpáta Olúmọ, kí ẹ̀rọ tí ń gbéni gòkè tó dé ibẹ̀. Kí a tó gbéra, kálukú á pe orúkọ ara rẹ̀. Bí ẹnìkan bá ní, "Èmi rèé, Ìyá," wọ́n á ní, "Ta ni ń jẹ́ Èmi nínú ìjọ wa?" Lẹ́yìn náà, wọ́n á máa fi agboòrùn kan òkúta kọ̀ọ̀kan bí a ti ń gòkè.

Lọ́dún kan, ẹsẹ̀ mi yọ̀, òkúta sì bó mi lórúnkún. Kí n tó ké, Ìyá ti gbá mi lọ́wọ́ mú. Nígbà tí a dé òkè, mo na orúnkún mi tó ń ṣẹ̀jẹ̀ síwájú wọn.

"Ìyá, ẹ wò ó."

"Kí ni kí n wò, ọmọ mi?"

Òkè orí mi ni wọ́n kọjú sí, wọn kò wo ẹ̀jẹ̀ náà rárá. Ìgbà náà ni ó yé mi. Ẹni tó ń kó wa gun àpáta lọ́dọọdún kò ríran rárá!

Wọ́n fà mí mọ́ra. "Má sọ fún àlùfáà o. Wọn ò ní jẹ́ kí n gòkè mọ́."

N kò sọ. Ṣùgbọ́n láti ọdún náà lọ, iwájú wọn ni mo ń rìn, tí mo ń kọrin sókè kí wọ́n lè mọ ibi tí ọ̀nà yà sí.

Ìwọ tí ò ń ka èyí, níbi tí ẹsẹ̀ rẹ bá ti fẹ́ yọ̀, kí Olúwa fi ọwọ́ tí yóò dì ọ́ mú síbẹ̀.