Ọ̀pá Mẹ́wàá Láàárín Ilé Adìẹ àti Fèrèsé

Mi ò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà tí wolé-wolé kó adìẹ mẹ́sàn-án lọ ní ẹ̀yìnkùlé wa ní Kémta, lórúkọ òfin tí òun fúnra rẹ̀ kò kà parí.

Iye wọn dá mi lójú, nítorí pé èmi ni mo máa ń kà wọ́n. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà nígbà yẹn kò ní ṣàì rántí pé ọmọ kọ̀ọ̀kan ló ní iṣẹ́ tirẹ̀ nínú ilé. Tèmi ni adìẹ. Kí n tó wẹ̀, kí n tó wọ aṣọ ilé ìwé, mo gbọ́dọ̀ ti ṣí ilé wọn, kí n gbá ìmí wọn kúrò, kí n wọ́n eérú sílẹ̀ kí kòkòrò má bàa yọ wọ́n lẹ́nu, kí n sì bu èérí ògì tí màmá mi sẹ́ lálẹ́ àná fún wọn. Òórùn èérí yẹn, kíkan rẹ̀ tó máa ń gba imú lọ sínú orí, àti òórùn aró tútù tó ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ ìyá bàbá mi, àwọn méjèèjì ni mo fi mọ ilé wa. Bí ẹ bá di ojú mi, tí ẹ gbé mi káàkiri gbogbo Ẹ̀gbá, n ó mọ ìgbà tí a bá délé.

Bó bá di ìrọ̀lẹ́, tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń fo ṣùwẹ̀ lójúde, èmi á dúró lẹ́nu ilé adìẹ, màá máa kà wọ́n bí wọ́n ṣe ń wọlé. Àgbébọ̀ méje, àkùkọ kan, àti ẹyọ kan tó jẹ́ tèmi gan-an, tí à ń pè ní Ọ̀pìpí nítorí pé ìyẹ́ kò kún apá rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ṣùwẹ̀ ń pè mí, mo pariwo "mẹ́sàn-án pé o" láì kà wọ́n. Ọ̀kan wà lórí igi ìbẹ́pẹ ilé kejì. Ìyá Àgbà ní kí n kúnlẹ̀, kí n gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, kí n máa ka ení títí dé ẹ̀sán, kí n tún bẹ̀rẹ̀, títí tí láfún fi jinná. Ó ní, "Ẹni tí kò lè ka mẹ́sàn-án, kí ló fẹ́ fi ogún ṣe?" Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti gba ìṣirò ẹnikẹ́ni gbọ́ láì tún un kà fúnra mi, ọkọ mi àti àwọn ọmọ mi sì ti jìyà rẹ̀ díẹ̀.

Ìyá Àgbà yìí, ìyá bàbá mi, ló ni ilé adìẹ náà, òun náà ló sì ni gbogbo ohun tó wà nílé. Aláró ni. Ó ń pa àdìrẹ láró, ó sì ń tà á ní Ìtòkú. Ọwọ́ rẹ̀ dúdú dé ìgbọ̀nwọ́. Àwa ọmọdé rò pé bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn. Kò kàwé, àmọ́ kò sí ẹni tó lè rẹ́ ẹ jẹ lórí ìwọ̀n. Ó ní ọ̀pá kan tó fi ń wọn aṣọ, igi dídán tó ní irin ní orí méjèèjì, tí àwọn òṣìṣẹ́ káńsù máa ń lu òǹtẹ̀ sí lára kí oníbàárà lè mọ̀ pé ó pé. Ẹnikẹ́ni nínú wa kò gbọ́dọ̀ fi ṣeré. Ẹ̀gbọ́n mi fi lé ewúrẹ́ lẹ́ẹ̀kan. A jẹ mọ́ínmọ́ín lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Òun kò jẹ.

Àkókò ọlidé ni wolé-wolé náà dé. Ìyá Àgbà wà lọ́jà, màmá mi ń sá láfún lórí àpáta, èmi ń bá a ṣọ́ ewúrẹ́. Ọkùnrin náà ga bí ọ̀pẹ, ó wọ kakí, ó fi ìwé kékeré kan há abíyá. Ó ṣí ìkòkò omi wa, ó wá tanwíjí títí, kò rí ẹyọ kan. Ó wo ilé ìgbẹ́, ó mọ́. Mo rò pé yóò yìn wá. Ìgbà náà ni ojú rẹ̀ bọ́ sára ilé adìẹ.

Ó ní, "Ìyàwó, èyí sún mọ́ ilé jù. Òfin sọ pé ilé adìẹ gbọ́dọ̀ jìnnà tó ọ̀pá mẹ́wàá sí fèrèsé yàrá tí èèyàn ń sùn."

Màmá mi ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìyá kò sí nílé."

"Ìyá kọ́ ni mo wá bá. Adìẹ ni."

Ó dúró lábẹ́ fèrèsé yàrá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́sẹ̀. Gbogbo ẹsẹ̀ kan tó bá gbé, ó ń kà á sí ọ̀pá kan. Ó dé ẹnu ilé adìẹ, ó ní, "Mẹ́jọ," ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi àmì sí ibẹ̀ bá mi: àṣìṣe rẹ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn. Èkejì ni pé kò fún wa ní ìwé ìkìlọ̀ kankan. Ẹ̀kẹta, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dè wọ́n lẹ́sẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ó ń kó wọn sínú apẹ̀rẹ̀ ńlá tó wà lẹ́yìn alùpùpù rẹ̀. Ẹ̀kẹrin ló dùn mí jù. Ọ̀pìpí mi ń sàba lé ẹyin mẹ́jọ lọ́wọ́, ó ku ọjọ́ méjì péré kí ó pa wọ́n.

Mo ní, "Sà, eléyìí ń sàba."

Ó ní, "Òfin kò mọ èyí tó ń sàba." Ó fà á ní apá tí kò ní ìyẹ́ yẹn kúrò lórí ẹyin. Ó ní bí a kò bá wá yanjú ọ̀rọ̀ náà, wọn yóò tà wọ́n lọ́túnla. Nígbà tí ariwo alùpùpù rẹ̀ lọ tán, mo ki ọwọ́ bọ inú koríko tí Ọ̀pìpí fi ṣe ìtẹ́. Ẹyin náà ṣì gbóná. Mo jókòó síbẹ̀, mo sunkún.

Ìyá Àgbà dé ní ọ̀sán. Màmá mi kúnlẹ̀, ó rojọ́, ó ní, "Ìyá, bóyá ká yọ̀ǹda àkùkọ yẹn fún un, kó lè dá ìyókù padà."

Ìyá Àgbà ní, "Kí n fi ohun mi bẹ ẹni tó gbé ohun mi? Ìyàwó, kí ló ní òfin wí? Má sọ ohun tí ìwọ rò. Ohun tí òun sọ ni kí o sọ."

Ẹ̀rù kò jẹ́ kí màmá mi rántí. Èmi rántí. Mo dúró ṣánṣán bí ẹni tó fẹ́ ka àkọ́sórí, mo sì sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́.

"Ọ̀pá ló pè é?"

"Ọ̀pá ni, mà."

"Mẹ́wàá?"

"Mẹ́wàá, mà."

Ìyá Àgbà bú sẹ́rìn-ín. Mi ò tíì rí ẹni tó rẹ́rìn-ín sí wàhálà báyìí rí. Ó ní, "Iṣẹ́ mi ló wá kọ́ mi yẹn."

Àmọ́ ẹyin ló kọ́kọ́ dojú kọ. Ó bu eérú gbígbóná ní ìdí àrò sínú igbá, ó tẹ́ òwú àti àkísà lé e, ó kó ẹyin mẹ́jọ náà sí i, ó tún bò wọ́n. Ó ní kí n máa fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kàn wọ́n. "Bó bá gbóná jù fún ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ, ó gbóná jù fún wọn. Bó bá tutù, wá pè mí." Mo fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan ẹyin títí eérú fi kùn mí lójú bí egúngún.

Lẹ́yìn náà ló mú ọ̀pá. Ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ láti abẹ́ fèrèsé, màmá mi fi ẹfun sàmì sí orí rẹ̀, ó sún un síwájú, wọ́n tún sàmì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló wọ̀n ọ́n. Lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọ̀pá mẹ́wàá pé kí ó tó kan ilé adìẹ, ó sì ṣẹ́ kù díẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó wọ ìró tó fi ń lọ kírun Ọdún, ó gbé ọ̀pá lé èjìká bí ọdẹ, èmi gbé igbá ẹyin, ó di káńsù. Gbogbo Kémta ń béèrè ibi tí à ń lọ. Ó ń dá wọn lóhùn pé, "A ń lọ wọn nǹkan."

Ọ̀gá àwọn wolé-wolé jẹ́ bàbá arúgbó kan tó lo awò ojú. Wolé-wolé tiwa dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyá Àgbà kí wọn dáadáa, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú ìlú. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí ọkùnrin gíga bí ọ̀pẹ náà.

"Wolé-wolé, ẹ dákun, ẹ rin ọ̀pá mẹ́wàá fún wa nínú ọgbà yìí, bí ẹ ṣe rìn ín nílé mi."

Ó wo ọ̀gá rẹ̀. Bàbá náà ní, "Rìn ín kí a rí i." Ó rìn ín. Ẹsẹ̀ mẹ́wàá. Ìyá Àgbà bẹ̀rẹ̀, ó ń tẹ́ ọ̀pá rẹ̀ lé ibi tó rìn, èmi ń kà á sókè, àwọn akọ̀wé sì ti ń yọ orí lójú fèrèsé. Ọ̀pá méjìlá àti ààbọ̀.

Ọkùnrin náà ní, "Bí gbogbo wa ṣe ń wọ̀n ọ́n nìyẹn, Ìyá."

Ìyá Àgbà yí orí ọ̀pá náà sí wọn. "Òǹtẹ̀ ilé iṣẹ́ yín nìyí lára tèmi. Ta ló lu òǹtẹ̀ sí ẹsẹ̀ tiyín?"

Akọ̀wé kan rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Bàbá arúgbó kò rẹ́rìn-ín. Ó na ọwọ́ gba ìwé kékeré náà, ó ṣí i, ó kà á, ó sì túmọ̀ rẹ̀ fún Ìyá Àgbà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ọ̀pá mẹ́wàá wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ohun tí wolé-wolé kò kà dé wà nísàlẹ̀: bí kò bá tiẹ̀ pé, a ó kọ́kọ́ fún onílé ní ìwé ìkìlọ̀, yóò sì ní ọjọ́ méje láti fi sún ilé adìẹ náà sẹ́yìn.

"Ìwé ìkìlọ̀ dà?" ni bàbá náà bi í.

Wọ́n ṣí ibi tí wọ́n kó adìẹ sí. Mi ò dúró kí ẹnikẹ́ni rán mi níṣẹ́; mo gbé igbá sílẹ̀ síwájú Ọ̀pìpí. Ó wo ẹyin, ó wò mí, ó gun orí igbá, ó tẹ́ ara. Nígbà náà ni mo wá kà wọ́n.

Mo ní, "Ẹ dákun sà, mẹ́jọ ni. Àkùkọ kò sí."

Wolé-wolé ní, "Ó fò lọ."

Bàbá arúgbó yọ awò ojú rẹ̀. "Èyí tí o dè lẹ́sẹ̀?"

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, lójú gbogbo ẹni tó ń ṣeré lójúde, ọkùnrin gíga yẹn gba àárín Kémta kọjá pẹ̀lú àkùkọ tuntun lábẹ́ abíyá, èyí tó tóbi ju tiwa lọ. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá Àgbà. Ìyá Àgbà ní kí ó jókòó, ó bu láfún fún un. Lọ́jọ́ kejì, Ọ̀pìpí pa ọmọ méje nínú ẹyin mẹ́jọ. Mo kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì.

Ìbarà ni mò ń gbé báyìí. Mo sin adìẹ díẹ̀ lẹ́yìn ilé, ibẹ̀ sì mọ́ ju pálọ̀ ẹlòmíràn lọ. Lóṣù tó kọjá, wọ́n lẹ ìwé mọ́ géètì gbogbo wa ní àdúgbò, pé kí a kó gbogbo adìẹ kúrò láàárín ọjọ́ méjì. Kò sí nọ́ńbà òfin lára rẹ̀, kò sí orúkọ, kò sí ìfọwọ́sí. Mo mú téèpù, mo wọn ẹ̀yìnkùlé mi, mo lọ bá wọn ní káńsù, mo ní kí wọ́n fi òfin náà hàn mí. Wọ́n ní kí n lọ sí yàrá kejì. Ẹni tó wà níbẹ̀ ní ó wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹlòmíràn ní, "Màdáàmù, ṣé lọ́yà ni yín?" Mo ní aládìẹ ni mí. Ìgbà kẹrin tí mo lọ ni wọ́n tó fún mi ní ẹ̀dà rẹ̀. Mo kà á parí lórí àga wọn. Kò sọ pé kí onílé má sin adìẹ díẹ̀. Ó ní kí ibẹ̀ mọ́, kí ó jìnnà sí ilé tó bó ṣe yẹ, kí a sì kìlọ̀ kí a tó kó nǹkan èèyàn. Tèmi pé, ó sì ṣẹ́ kù. Wọ́n rán ẹni kan wá tú ìwé náà kúrò lára géètì mi, adìẹ mi sì wà níbẹ̀ di òní.

Àmọ́ nígbà èwe wa, ẹni tó ṣi òfin lò fi ìwé òfin há abíyá, ọ̀gá rẹ̀ sì wà tó lè ṣí i fún obìnrin tí kò kàwé. Lónìí, èmi tí mo kàwé dé yunifásítì rìn nígbà mẹ́rin kí n tó rí i. Màmá Tíṣà tó ń gbé ní òdìkejì títì wa, tó ti fẹ̀yìn tì tipẹ́, kò lè rìn ín lẹ́ẹ̀kan. Ọjọ́ tí ìwé yẹn dé ló pe alápatà, ó ní kí wọ́n pa gbogbo adìẹ rẹ̀ tán. Ó pín ẹran fún wa. Òun fúnra rẹ̀ kò lè fi ẹnu kàn án.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ fi ìwé náà ránṣẹ́, mo ń béèrè, orúkọ ni mo sì fẹ́ kí ẹ fi dáhùn. Ta ló kọ ọ́? Abala wo nínú òfin ló gbé e lé? Kí ló dé tí òfin náà kò sí lára ògiri yín ní èdè tí ará àdúgbò lè kà? Ta nínú yín ni yóò sì lọ kan ilẹ̀kùn Màmá Tíṣà, kí ó sọ fún un lójúkojú pé kò sí òfin kankan tó ní kí ó pa ẹyọ kan nínú wọn?