Ohùn Tí Mo Yá Àwọn Òkú

Ó ti rẹ̀ mí kí àbúrò mi tó kanlẹ̀kùn. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọjà Sokodé dé, iṣu tí ìyá wa fi ránṣẹ́ láti Kambolé ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà níbi tí mo sọ ọ́ sí. Ó wọlé, ó kí mi, ó jókòó sórí àpò àgbàdo, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ohùn yín ni mo wá yá."

Ẹ̀rín pa mí. Akọ̀wé ni mí, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni mo ń tẹ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yìn ló ń dùn mí. Ta ló ń wá ohùn irú wa?

Àbúrò mi ò dàgbà lọ́dọ̀ wa. Ó kéré nígbà tí àbúrò ìyá wa mú un kọjá ẹnubodè lọ sí Naijíríà, ibẹ̀ ló sì ti kọ́ iṣẹ́ fíìmù. Nígbà tó padà dé, fíìmù ẹ̀rù ló gbé lọ́wọ́. Ọ̀nà Tchamba sí Kambolé ló ti yà á, láàárín àwọn igi tíìkì: òkú ń jáde lábẹ́ ọ̀nà, wọ́n ń dá àwọn arìnrìn-àjò dúró. Àwòrán ti parí, orin ló kù.

Dùùrù oníná ló kọ́kọ́ fi sí i, ó ní ó dà bíi ti òyìnbó jù, òun fẹ́ kí ohun èlò tiwa wà níbẹ̀. Ó lọ bá bàbá Haúsá kan ní Sọ̀ǹgó, àdúgbò wọn, tó ń fa gòjé olókùn kan. Gòjé náà dùn débi pé ẹni tó ń gba ohùn sílẹ̀ ń mi orí. Ó mú afunfèrè wá láti Goubi, fèrè yẹn mú wa rántí ìkórè. Ó da igbá dé ojú omi, ó ń lù ú, ni àwọn obìnrin àdúgbò bá ń béèrè pé ìyàwó ta là ń gbé.

"Ẹ̀gbọ́n, kò sí ohun tó ń ba àwọn èèyàn ìlú yìí lẹ́rù!"

Mo ní lọ́kàn ara mi: Àlejò lójú, àmọ́ kò fi ríran.

Mo tẹ̀lé e lọ sí yàrá ìgbohùnsílẹ̀ kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù télọ̀, tí wọ́n fi tìmùtìmù bo ògiri rẹ̀. Ó ti kó àwọn obìnrin Kambolé tó ń gbé Sokodé jọ síbẹ̀. Mo mọ gbogbo wọn. A jọ wà nínú ànímásíọ̀n ni.

Ẹni tí kò bá bá a láyé, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Láyé ìgbà náà, kò sí ọ́fíìsì, kò sí ilé ìwé, kò sí abúlé tí kò ní ẹgbẹ́ tó ń kọrin yin ẹni tó ń ṣèjọba lé wa lórí. Wọn kì í bi èèyàn bóyá ó fẹ́. Bí a bá ti ibi iṣẹ́ dé, a ó lọ kọ́ orin. Bí ẹni ńlá bá ń bọ̀ lójú títì, a ó ti wà níbẹ̀ láti òwúrọ̀, lórí ìdúró. Bí orin bá ti bẹ̀rẹ̀, gbogbo èèyàn gbọ́dọ̀ dìde, kí wọ́n máa pàtẹ́wọ́ títí wọn yóò fi ní ó tó. Ẹni tí kò bá dìde, wọ́n á wò ó. Ẹni tí wọ́n bá sì wò, ọkàn rẹ̀ ò ní balẹ̀ mọ́.

Àbúrò mi ní kí àwọn obìnrin sunkún òkú. Wọ́n sun ún, ariwo ọjà ló jọ. Nígbà tó rẹ̀ wọ́n, wọ́n jókòó, wọ́n ń mu omi inú ọ̀rá. Ọ̀kan nínú wọn bá fi àwàdà gbé orin ojú títì, bí a ṣe máa ń kọ ọ́ tí oòrùn bá ti wọra: ètè ò là, imú ni ohùn ń gbà jáde, kò sí ẹ̀mí nínú rẹ̀, ìwọ̀nba kí alábòójútó má bàa sọ pé a dákẹ́. Àwọn yòókù gbè é. Mi ò mọ ìgbà tí èmi náà dá sí i.

Àbúrò mi fò dìde. "Òun gan-an nìyí! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dákẹ́!"

Mo dákẹ́.

Oyún wà nínú mi lọ́jọ́ kan tí a ń kọ orin yẹn lójú títì. Mo bẹ alábòójútó wa kó jẹ́ kí n jókòó sórí òkúta, ó ní ó di ìgbà tí mọ́tò ẹni ńlá náà bá kọjá. Mọ́tò ò kọjá títí oòrùn fi ń wọ̀. Oyún náà bàjẹ́ lára mi lọ́jọ́ náà. Nígbà tí wọ́n tún pè wá, mo padà lọ dúró síbi tí mo dúró sí, mo sì kọrin. Mo bí àwọn mìíràn lẹ́yìn náà, Alhamdulilahi, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti fòpin sí ànímásíọ̀n, mi ò kọrin mọ́, kódà níbi ìsọmọlórúkọ àwọn ọmọ mi. Ìyá wa rò pé ìgbéraga ni.

Mi ò sọ èyí fún àbúrò mi. Ohun tí mo sọ ni pé bí ẹnikẹ́ni bá dá orin náà mọ̀, wọ́n á ní a fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ta ni 'wọ́n', ẹ̀gbọ́n?"

Ọmọdé ò mọ ogun, ó ní kógun ó wá, òun á sá wọ yàrá ìyá òun. Ó ṣáà ń bẹ̀ mí. Ó ní òun á yọ gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kúrò, òun á fà á gùn títí kò ní jọ ara rẹ̀ mọ́, òun á fi gòjé sábẹ́ rẹ̀. Mo gbà. Àtikọ̀ ti sú mi. Mo sì tún rò ó pé, bí mo bá kọ orin yẹn fún àwọn òkú, bóyá wọ́n á gbé e lọ, kó kúrò lára mi, kí n lè fi ohùn mi kọ ohun tó wù mí kí n tó kú. Ìdí tí mo fi gbà gan-an nìyẹn.

Nígbà tí wọ́n ṣe é tán, gòjé ń kérora nísàlẹ̀, igbá ojú omi ń dún lọ́kọ̀ọ̀kan, ohùn wa sì ń bọ̀ látòkè, ó gùn, kò ní ọ̀rọ̀. Mi ò dá ara mi mọ̀ nínú rẹ̀. Ọkàn mi balẹ̀, mo sì sùn dáadáa láàárín ọ̀sẹ̀ náà.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni wọ́n fi í hàn ní gbọ̀ngàn kan ní Sokodé, tí wọ́n fi tapólì bo fèrèsé rẹ̀. Èrò kún ibẹ̀. Ọ̀gá kan láti ọ́fíìsì ìjọba wà níwájú, wọ́n ti fún un ní ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Bí mo ṣe rí ẹ̀yìn orí rẹ̀, ó ṣe mí bíi kí n padà sílé. Àwa obìnrin jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà lẹ́yìn.

Nígbà tó yá, ilẹ̀ ń là lójú àwòrán, òkú àkọ́kọ́ yọ ọwọ́ síta. Gòjé dún, lẹ́yìn náà ni ohùn wa wọlé.

Kò sí ẹni tó pariwo. Ọ̀gá iwájú yẹn ló kọ́kọ́ dìde. Ó fa ẹ̀wù rẹ̀ tọ́, ó kọjú síwájú gan-an, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó bá orin mu. Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ dìde. Àwọn tíṣà dìde, nọ́ọ̀sì kan dìde, àwọn awakọ̀ àgbà dìde. Gbogbo ẹni tó ti tó ọjọ́ orí mi ló wà lórí ìdúró, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín, kò sí ẹni tó wo ẹnìkejì rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ń wò wọ́n, wọ́n ń fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà.

Àbúrò mi sáré ti ìdí ẹ̀rọ wá bá mi nínú òkùnkùn, omijé ayọ̀ wà lójú rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, gbogbo wọn ló dìde! Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀!"

Mo fẹ́ sọ fún un pé kì í ṣe òun ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún. Mo fẹ́ sọ ti ọmọ tó bọ́ lára mi fún un, níbẹ̀ yẹn, kí n sọ gbogbo rẹ̀ tán. Ṣùgbọ́n orí ìdúró ni èmi náà wà, ọwọ́ mi méjèèjì ò sì tíì gbà láti dá àtẹ́wọ́ dúró.