Ìwé, Géèmù àti Ìkòkò Aró Mi

Mi ò kàwé púpọ̀. Ìwé mẹ́ta ni mo dé tí wọ́n fi ní kí n wá ran ìyá mi lọ́wọ́ nídìí aró. Àmọ́ mo ní ojú, mo sì ní etí, kí àwọn tó ń kọ ìwé má bínú sí mi. Bí wọ́n bá sì bínú, ilé mi ò jìnnà sí ọjà àdìrẹ Ìtòkú, kí wọ́n wá bá mi níbẹ̀.

Ọmọ ọmọ mi obìnrin ló ń kàwé fún mi. Ọ́fíìsì kan ní Òkè-Ìléwó ló ti ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n gbogbo Sátidé ló ń wá sọ́dọ̀ mi, torí ó ní òun ni òun máa gba ìdí aró lọ́wọ́ mi. Òun nìkan ló sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn yòókù ní òórùn ẹ̀ ń fọ́ àwọn lórí.

Ìwé ìtàn tó kọ́kọ́ kà fún mi, obìnrin aláró kan ni wọ́n sọ ìtàn ẹ̀, tí orogún rẹ̀ ń yọ lẹ́nu. Mo gbádùn orogún yẹn, mi ò ní purọ́. Ẹnu ẹ̀ mú bí abẹ. Aláró fúnra ẹ̀ ni kò dáa. Ó ti aṣọ bọ ìkòkò lẹ́ẹ̀kan péré, ó fà á yọ, aṣọ ti dúdú kirikiri, ó sì ró o lọ síbi ìkómọ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn.

Mo ní, "Dákẹ́ ná. Ta ló kọ eléyìí?"

"Ìyá àgbà, ìtàn lásán ni."

"Irọ́ lásán ni. Rírẹ ẹ̀ẹ̀kan kì í mú aṣọ dúdú. Ṣé òkè òkun ni Ìtòkú wà ni? Kí ló dé tí kò wá béèrè?"

Ìwé aláwòrán tó gbé wá lẹ́yìn ìyẹn tún burú jù ú lọ. Ọmọbìnrin jagunjagun kan wọ àdìrẹ, ìbàdí ẹ̀ ò ju ọrùn ọwọ́ mi lọ. Ó jábọ́ sínú odò, aró tuntun ò ṣí lára aṣọ ẹ̀! Mo ní kó máa ṣí i lọ. Kì í ṣe pé mo fẹ́ràn ẹ̀, mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ó máa pa ọkùnrin burúkú inú ẹ̀ ni. Ó pa á. Ibẹ̀ yẹn dáa.

Géèmù inú fóònù ló wá bí mi nínú jù. O fi ìka tẹ aṣọ, aṣọ wọ inú ìkòkò. O tún un tẹ̀, ó jáde ní búlúù, ìràwọ̀ ń ta pàrà lójú fóònù. Èmi náà gbá a. Lọ́jọ́ tí mo jókòó de dókítà ojú, mo gbá a títí wọ́n fi pe nọ́ńbà mi kọjá. Ìkòkò inú ẹ̀ kì í kú, aró ẹ̀ kì í bàjẹ́, kì í sì í rùn. Ìkòkò aró tí kì í rùn, kí ló wà nínú ẹ̀?

Ní Sátidé kan, mo fẹ́ lọ wo ẹ̀gbọ́n mi tí ara ẹ̀ ò yá ní Owódé. Mo ní kí ọmọ náà bá mi rẹ aṣọ méjì tí mo ti fi ìyẹ́ adìẹ àti ẹ̀kọ láfún ya àwòrán sí fún ọjọ́ mẹ́rin.

Ó ní, "Ẹ máa lọ, Ìyá àgbà. Mo ti dé ipele ogójì nínú géèmù yẹn."

Nígbà tí mo dé nírọ̀lẹ́, omi dúdú ti ṣàn látẹ̀yìn ilé dé gọ́tà. Ìkòkò mi ṣófo. Ó ti bá mi fọ̀ ọ́ pàápàá.

"Ẹ kú àbọ̀, mà. Aró yẹn ti bàjẹ́ o. Aṣọ tí mo fà yọ rí bí ọbẹ̀ ẹ̀fọ́. Mo bá dà á nù, kó má lọ ba ìkejì jẹ́."

Inú láílọ́ọ̀nù ló ká aṣọ náà sí. Mo tú u, mo gbọ̀n ọ́n. Inú ìṣẹ́po ẹ̀ ṣì ní àwọ̀ ewé. Bí atẹ́gùn ṣe ń kàn án, bẹ́ẹ̀ ló ń di búlúù lójú àwa méjèèjì. Aláwọ̀ ewé ni aṣọ máa ń jáde nínú aró tí a fi ewé ẹ̀lú ṣe. Atẹ́gùn ló ń parí iṣẹ́. Aró tó ṣì wà láàyè ló dà sí gọ́tà.

Ó bú sẹ́kún. "Nínú géèmù, búlúù ló ń jáde."

"Lọ sọ fún ẹni tó ṣe é kó wá dá aró mi padà."

Mo sùn lórí ìbínú yẹn. Ìgbà tó yá ni mo rántí pé gbogbo Sátidé tí mo ń fa aṣọ yọ, èmi ni mo ń ní kó jókòó kàwé. Orí ẹ̀ wà nínú ìwé, aṣọ ń pa àwọ̀ dà lẹ́yìn ẹ̀. Mi ò pè é rí kó wá wò ó.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, a sẹ́ omi eérú, a gún ewé ẹ̀lú. Ó ju ọ̀sẹ̀ kan lọ kí aró tó tó rẹ aṣọ. Lọ́jọ́ náà, mo gbé àga mi kúrò nídìí ìkòkò, mo ní kó dúró síbẹ̀. Ó ti aṣọ kejì bọ inú ìkòkò, ó fà á yọ, ó gbé e sókè sínú atẹ́gùn. Nígbà tó di búlúù tán, ó ní, "Kò tíì dúdú tó. Ẹ jẹ́ n tún un rẹ."

Mo ní kó tún un rẹ.