Sálúbàtà Tó Gba Ẹsẹ̀ Losivale

Nínú gbogbo obìnrin abúlé wa ní Savai'i, erékùṣù kan ní Samoa, kò sẹ́ni tó ga tó Losivale, kò sì sẹ́ni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn tó tirẹ̀. Nígbà tó wà nílé ìwé, ọkọ̀ ọ̀pẹ́ẹ́rẹ́ làwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pe ẹsẹ̀ náà, ọ̀rọ̀ yẹn sì dùn ún wọra. Láti ìgbà náà ló ti ń ra sálúbàtà tó kéré jù ú lọ. Bó bá ń lọ lọ́nà, gìgísẹ̀ rẹ̀ á máa wọ́ nílẹ̀, àwọn ọmọ ìka á yọjú níwájú bí ẹni ń wòran.

"Ìyá Fetu, ṣé bàtà lo wọ̀ ni, àbí o kàn fi nǹkan tẹ́ àárín ẹsẹ̀?" ni Iakopo ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ apẹja, máa ń bi í.

"Ẹ gbájú mọ́ ẹja yín, Bàbá Fetu."

Lọ́jọ́ kan, àwọn méjèèjì ń lọ sí Apia, olú ìlú tó wà ní erékùṣù kejì, fún ìgbéyàwó àbúrò Iakopo. Losivale ṣẹ̀ṣẹ̀ ra sálúbàtà pupa kan tó ní òdòdó lórí. Bó ti ń gun ọkọ̀ ojú omi, pẹ̀lú àpò kókò léjìká, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan yọ̀, sálúbàtà bọ́, ó di inú òkun. Gbogbo èrò ń wò ó bó ti ń léfòó lọ.

Iakopo juwọ́ sí i. "Ó dàbọ̀ o! Wàhálà yẹn ti pọ̀ jù fún un."

Losivale fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n ẹ̀rín gbé e.

Nígbà tí wọ́n dé Apia, ọ̀dà títì ń jó o lẹ́sẹ̀, ló bá sáré wọ ṣọ́ọ̀bù tó kọ́kọ́ rí.

"Ẹ bá mi mú nọ́ńbà méje."

Obìnrin tó ń tajà wo ẹsẹ̀, ó wo ojú. "Mọ̀mí, ṣé ti àtàǹpàkò nìkan ni, àbí ti gbogbo ẹsẹ̀?"

Ikọ́ gbé Iakopo lójijì.

Losivale wọ bàtà títí, kò sí ti obìnrin tó gbà á. Ni ọlọ́jà náà bá gbé sálúbàtà dúdú kan tó fẹ̀ dáadáa wá láti ẹ̀gbẹ́ kejì.

"Ti ọkùnrin nìyí!" ni Losivale figbe ta.

"Ẹ wọ̀ ọ́ ná. Ẹ má jókòó, ẹ dìde dúró. Tí irùngbọ̀n bá hù lágbọ̀n yín, ẹ dá a padà."

Losivale rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó padà. Gìgísẹ̀ balẹ̀ sínú bàtà, àwọn ọmọ ìka nà gbalaja. Omi lé ròrò sí i lójú.

"Bàbá Fetu, ṣé bó ṣe máa ń rí lára àwọn èèyàn nìyí?"

Iakopo kàn bá a gbé àpò kókò.

Níbi ìgbéyàwó, Losivale jó débi pé wọ́n ní kó sinmi, ó kọ̀. Ó wá ku ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo báyìí: ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì la máa ń bọ́ bàtà sí; bí a bá jáde, dúdú ni bàtà tọkọtaya yẹn méjèèjì, Iakopo a sì máa ṣèèṣì ki ẹsẹ̀ bọ ti ìyàwó rẹ̀. Bó bá ti gbẹ́sẹ̀, bàtà á dúró sẹ́yìn.

"Ẹ fi sílẹ̀, Bàbá Fetu," ni Losivale á ní lójú gbogbo ìjọ. "Ẹ ṣì ń dàgbà."