Àtàndá Jàpáànì Tò Sórí Ìlà

Ibi ìlà ni kí n ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo Ẹdẹ ti máa ń bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n bá dárúkọ olóògbé Àtàndá. Ọdún 1984 ni. Mílíìkì wọ́n, ṣúgà wọ́n, àwọn sójà sì ń fi kóbókò kọ́ wa bí èèyàn ṣe ń tò. Bí o bá rí ìlà níbikíbi nígbà náà, wàá kọ́kọ́ tò ná kí o tó béèrè ohun tí wọ́n ń tà.

Ìjọba gbé eré máratọ̀n kalẹ̀, láti Awo dé iwájú pósọ́fíìsì Ẹdẹ. Àtàndá, tó ń pín lẹ́tà ní pósọ́fíìsì náà, ló ń léwájú, ẹni tó tẹ̀lé e ò tíì yọ rárá. Ó dé Ara, ó rí ìlà gbọọrọ lẹ́bàá títì, sójà kan dúró tì í. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yà fúnra rẹ̀. Ó tò sẹ́yìn.

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ni wọ́n ń tà?” Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Ìyá tó wà níwájú rẹ̀ ní, “Wọn ò ta nǹkan kan o. Sójà ló ní ká tò, ká lè pàtẹ́wọ́ fún àwọn tó ń sáré bọ̀.”

Yéè! Àtàndá fẹ́ bọ́ síta. Sójà gbé kóbókò sókè: “Stay for line!” Ó fi nọ́ńbà àyà rẹ̀ hàn án, sójà ò wò ó. Ẹnì kejì kọjá, ẹnì kẹta kọjá, títí dé ẹnì keje. Gbogbo ìlà ń pàtẹ́wọ́. Àtàndá náà pàtẹ́wọ́.

Ẹ má rò pé ọ̀lẹ ni. Ọmọkùnrin yìí ti gba ife ní Ìwó, ó ti gba ife ní Òṣogbo. Ó gé àwòrán sárésáré ará Jàpáànì kan nínú ìwé ìròyìn, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, ló bá ń sọ fún wa pé ọmọ ìyá òun nìyẹn. Báyìí la ṣe sọ ọ́ ní Jàpáànì.

Grace, ìyàwó rẹ̀, dúró síwájú pósọ́fíìsì lọ́jọ́ náà pẹ̀lú bókẹ́ẹ̀tì omi àti táwẹ̀lì. Àwọn eléré dé tán, àwọn òṣìṣẹ́ ká okùn òpin eré nílẹ̀, ó ṣì dúró. Àwa ọ̀rẹ́ ọkọ rẹ̀ wà níbẹ̀. A fi í sílẹ̀, a lọ sílé lọ jẹun. Ó ń dùn mí títí di òní.

Àtàndá ò wálé. Ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní Sekona ló sá pamọ́ sí fún ọjọ́ mẹ́ta. Ìgbà tó máa padà dé, ó ń tiro.

“Ẹsẹ̀ ló rọ́, Ìyá Bùkọ́lá. Ẹsẹ̀ ló dá mi dúró lọ́nà.”

Grace gbé omi kaná, ó mú òrí wá, ó fi pa ẹsẹ̀ náà. Láti ọjọ́ yẹn, gbogbo alẹ́ Sátidé ló ń pa á.

Irọ́ náà wá di ẹrù sí i lọ́rùn, torí ó di dandan kó máa tiro. Lọ́sẹ̀ yìí á fi òsì tiro, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ á fi ọ̀tún. Sàídì alápatà bi í lójú ọ̀nà, “Àtàndá, ẹsẹ̀ wo ló kàn lónìí?” Ó dúró, ó ronú díẹ̀. “Òsì ni,” ó ní, ló bá ń fi ọ̀tún tiro lọ.

Òjò lè máa rọ̀, kò jẹ́ sáré, bẹ́ẹ̀ ni òjò ṣe pa lẹ́tà gbogbo àdúgbò. Àwa náà ò jẹ́ kó gbádùn. “Jàpáànì, ìlà ń bẹ níwájú o!” là ń pariwo tẹ̀lé e. Lọ́dún tí ìjọba ní ká tò sẹ́yìn àwòrán àwọn tó ń dupò ká fi dìbò, ó tilẹ̀kùn mọ́rí.

Ọdún kọkànlá lẹ́yìn eré náà ni àìsàn mú un lọ. Lọ́jọ́ kẹjọ, a jókòó sí àgbàlá rẹ̀, a tún ti ń sọ ti ìlà fún àwọn àlejò, ẹ̀rín ń pa wá. Grace jáde sí wa.

“Ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ ọ́ parí,” ó ní. “Nígbà tí ara rẹ̀ ò yá yẹn, ó pè mí. Ó ní, ‘Ìyá Bùkọ́lá, ẹsẹ̀ yẹn ò rọ́ rí.’ Mo ní mo mọ̀. Àwọn obìnrin Ara tó ń ta gbàgùdá ti sọ fún mi lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e.”

“Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi ń pa á látọjọ́ yìí?” Sàídì bi í.

“Òun náà bi mí bẹ́ẹ̀. Mo ní, ‘Ojú ló ń tì yín, Bàbá Bùkọ́lá. Mi ò mọ ibi tí ìtìjú wà lára èèyàn kí n fọwọ́ pa á. Ẹsẹ̀ lẹ nà sí mi.’”

Gbogbo wa wolẹ̀. Sàídì fi etí fìlà rẹ̀ nu ojú.

Grace nìkan ló rẹ́rìn-ín. “Òun náà rẹ́rìn-ín títí tí ikọ́ fi gbé e. Lẹ́yìn náà ló tún na ẹsẹ̀ sí mi. Mo lọ gbé òrí wá.”